Ẹni Tó Ń Ya Kòkòrò Ilé Wa Ní Fọ́tò

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àtẹ̀gùn ilé yín tó máa ń yọ̀ yẹn ńkọ́, ṣé ẹ ti rí ẹni bá yín tún un ṣe? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni yọ̀ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì tí ẹ fi ń jáde, òun náà ni ẹ ó máa fi wọlé. Iná kò ní jó yín, omi kò ní gbé yín lọ, ọkọ̀ tí búrèkì rẹ̀ ti bàjẹ́ kò ní gba ọ̀nà ibi tí ẹ dúró sí. Mo mọ̀ pé o máa ń sọ pé àdúrà mi máa ń ka ewu tí ènìyàn kò rò tẹ́lẹ̀ sí i létí, ṣùgbọ́n ewu tí a kò bá dárúkọ, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé òun ni a ń bá wí?

Lẹ́tà ni mo kọ, n kò pè ọ́, nítorí pé n kò fọkàn tán fóònù yìí mọ́. Ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ fún ìyá rẹ nínú yàrá wa pé bàtà mi ti lu, kò pẹ́ kò jìnnà, fóònù gbé àwòrán bàtà jáde, tọkùnrin tobìnrin, pẹ̀lú iye tí wọ́n ń tà á. Ta ló sọ fún un? Èmi àti ìyá rẹ nìkan ló wà níbẹ̀, ìyá rẹ kì í sì í ṣe olófòófó. Bí mo ti ń kọ̀wé yìí, inú agolo bisikíìtì ni mo ti í mọ́, mo sì gbé òkúta lé ìdérí rẹ̀. Awakọ̀ tó máa ń kó ẹrù wá sọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ Ẹtì ni yóò mú lẹ́tà náà wá. Bí gọ́ọ̀mù ojú àpòòwé rẹ̀ bá jọ èyí tí wọ́n ti ṣí rí, kọ́kọ́ wo ojú awakọ̀ náà dáadáa kí o tó dúpẹ́.

Ara wa le díẹ̀. Orúnkún ọ̀tún mi ṣì ń dún bí mo bá ń dìde, ti òsì kò dún mọ́ rárá, èyí sì ń já mi láyà ju ti ọ̀tún lọ, nítorí n kò mọ ohun tó ń rò. Ooru mú gan-an. Àbúrò ìyá rẹ fi ẹsẹ̀ kọ́ okùn ewúrẹ́, ó ṣubú, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ìyá rẹ sì ti lọ bá a gbé láti àárọ̀ Sátidé. Èmi nìkan ni mo wà nílé. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí ọ gan-an nìyẹn, nítorí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà wa yìí, n kò fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

O rántí pé nígbà tí o wá kí wa kẹ́yìn, o ní láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìntì, iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù tí mò ń ṣe ni kí n jókòó kí n máa ka ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí wa. O wá fi áàpù yẹn sínú fóònù mi. O ní kí n máa ya kòkòrò ìgbà ooru ní fọ́tò, pé áàpù náà yóò máa sọ orúkọ wọn, pé ọkàn mi yóò balẹ̀. Mo gbà, mo sì mú un bí iṣẹ́.

Ìwọ náà mọ̀ pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó sídìí fèrèsé tí wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù. Fọ́tò tí etí méjèèjì kò bá hàn nínú rẹ̀, n kì í gbà á. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò, n ó ní kó lọ tún un yà. Òfin kan náà ni mo lò fún kòkòrò. Mo na áńkáṣíìfù funfun sí ẹ̀yìn, mo dúró síwájú, mo sì ń retí kí ẹni náà kọjú sí mi. Tata ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Tata kọ ẹ̀gbẹ́ sí mi. Mo yí lọ síwájú rẹ̀, ó tún kọ ẹ̀gbẹ́ sí mi. A ṣe bẹ́ẹ̀ yí ìdí igi ọsàn po nígbà mẹ́ta. Nínú fọ́tò mẹ́rìnlélógójì tí mo yà lọ́jọ́ náà, ọ̀kan ṣoṣo ni tata wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ló sì hàn, ó ń lọ. Mo fi han áàpù. Áàpù ronú títí, ó ní ó jọ pé kòkòrò ni. Ọmọ mi, mo ti mọ ìyẹn kí n tó ra dátà.

Nígbà tó yá, ó ní ó dá òun lójú ní ìdá mọ́kànlélọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún pé àfòpiná ni ohun tí mo yà lára ògiri. Ìdá mọ́kàndínlógójì tó kù ńkọ́? Bí ẹnì kan bá wá sí ìdí fèrèsé mi láyé ọjọ́un, tó ní ó dá òun lójú ní ìdá mọ́kànlélọ́gọ́ta pé òun ni òun ń jẹ́ orúkọ tó wà nínú fọ́ọ̀mù òun, ṣé mo máa lu òǹtẹ̀ fún un ni? Alántakùn ilé ìwẹ̀ nìkan ló gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ó kọjú sí mi, kò mira, kò rẹ́rìn-ín, gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn. Kò sí páásípọ́ọ̀tù tó dára tó bẹ́ẹ̀. Áàpù ní kì í ṣe kòkòrò, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Mo fi ìbínú ra ìwé ńlá kan, mo fa ìlà sí i, mo ń kọ orúkọ, ọjọ́, ibi tí mo ti rí i, àti ẹni tó ṣe ẹlẹ́rìí. Àyè ẹlẹ́rìí ṣófo títí di ìsinsìnyí, nítorí ìyá rẹ ní òun kò lè fi iṣẹ́ òun sílẹ̀ kí òun wá máa jẹ́rìí sí eṣinṣin.

Gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Áàpù náà bi mí léèrè bóyá mo gbà kí òun máa mọ ibi tí mo wà. Mo ní rárá. Ẹni tí kò mọ̀ mí rí, kí ló fẹ́ fi ibi tí mo wà ṣe? Ó tún béèrè. Mo ní rárá. Ọjọ́ kẹrin, ó kọ̀, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Mo gbé e lọ bá Onífóònù, ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ìkóríta, ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín kí ènìyàn tó sọ ohun tó ń ṣe é. Kí n tó parí àlàyé, ó ti tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ni máàpù àdúgbò wa bá yọ lójú fóònù. Ó ní bàbá, ẹ wò ó, àmì aláwọ̀ ewé wọ̀nyí ni àwọn kòkòrò tí ẹ̀yin yà. Mo ní àwọn aláwọ̀ ọsàn yẹn ńkọ́? Ó ní ti ẹlòmíràn ni, ẹnì kan tí òun náà ń ya kòkòrò ní tòsí yín. Mo ní tòsí bí i ti ibo? Ó fẹ ojú máàpù náà.

Àmì márùndínlógójì. Márùndínlógójì, ọmọ mi, gbogbo wọn nínú ọgbà tèmi! Ọ̀kan ní ìdí táńkì omi, ọ̀kan lábẹ́ fèrèsé yàrá wa, mẹ́rin lẹ́yìn ilé ìdáná. Mo yíjú sí Onífóònù, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé ó gbé ohun tó fi ń tú ìdè ìṣó kalẹ̀. Mo ní kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín, ó ní kò sí nǹkan. Mo ti kọ òun náà sínú ìwé.

Adúmáadán ni ẹni náà ń pe ara rẹ̀ níbẹ̀. Rò ó wò. Ènìyàn tí kò ní ohun tó ń fi pamọ́, ṣé ó máa fi oríkì arẹwà bo ojú? Mo fara balẹ̀ wo àwọn fọ́tò rẹ̀. Lámilámi kan bà lé etí táńkì wa, níbi tí èmi fúnra mi fi ọ̀dà dí. Kòkòrò róbótó pupa kan tó ní àmì dúdú lẹ́yìn, ara ewé tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná wa ló wà. Ìkẹta ló burú jù, àfòpiná kan ni, ìyẹ́ rẹ̀ nà gbalaja, ara ṣòkòtò onílà ló bà lé lórí okùn. Ṣòkòtò mi ni! Mo mọ ibi tí ìyá rẹ ti lẹ̀ ẹ́ lórúnkún. Àjèjì kan dúró sí iwájú ṣòkòtò mi, ó ya fọ́tò, èmi wà nínú ilé. Ohun tó tún dùn mí ni pé fọ́tò náà mọ́lẹ̀ kedere, gbogbo etí ẹni náà hàn.

Ẹlòmíràn wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́fà. Gbogbo ohun tí Adúmáadán bá yà, òun yóò kọ sábẹ́ rẹ̀ pé mo fara mọ́ ọn. Mo fara mọ́ ọn, mo fara mọ́ ọn, bí ẹni ń dáhùn àmín. Nígbà tí mo rí i pé ẹni méjì ti ń fohùn ṣọ̀kan lórí ọgbà mi, mo mọ̀ pé ilé ni wọ́n fẹ́ fọ́, tàbí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n fẹ́ gbà.

Mo jókòó, mo ṣe ìwádìí bí ọmọ iléèwé. Ta ló ní àkàbà tó ga ju ọgbà lọ? Káfíńtà. Ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ra fóònù? Káfíńtà. Ta ló bi mí ní ọdún tó kọjá bóyá a máa ta ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé? Káfíńtà. Ta ló ti yin ṣòkòtò onílà yẹn rí, tó ní irú aṣọ rẹ̀ kò sí mọ́? Mo mọ̀ pé o ti ń mi orí. Mo mọ̀ pé òun ló kan ibùsùn tí a bí ọ sí. Mo mọ̀ pé òun ló gé ilẹ̀kùn kékeré sínú ọgbà tó wà láàárín ilé wa àti tirẹ̀, lọ́dún tí a bí ọ, kí ìyá rẹ àti ìyàwó rẹ̀ má baà máa rìn yípo, àti pé ìrọ̀lẹ́ gbogbo ni èmi àti òun ń jókòó sórí bẹ́ńṣì ìdí ilẹ̀kùn náà láti ka ìwé ìròyìn, èmi ń kà, òun ń ní irọ́ ni. Ìyẹn gan-an ló ń já mi láyà. Ẹni tí kò mọ ilé wa, báwo ló ṣe máa mọ ibi tí lámilámi ń bà sí?

Lọ́sàn-án Sátidé, lẹ́yìn tí ìyá rẹ ti lọ, mo gba iwájú lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Oníbàárà méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n wá wo ilẹ̀kùn. Mo sọ ọ́ lójú wọn. Mo ní kí ó yọ ojú rẹ̀ àti fóònù rẹ̀ kúrò nínú ọgbà mi, pé mo ti rí gbogbo kòkòrò tó yà. Ó gbé ayùn sílẹ̀. Ó ní Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, kòkòrò? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kòkòrò. Ó ní òun tí òun ń fi oògùn lé kòkòrò kúrò lára pákó láti àárọ̀ ọjọ́, òun náà ni òun ó tún wá máa fò fẹ́ńsì lọ yà á ní fọ́tò? Mo ní ohun tó fi ń bojú nìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà náà ní Akọ̀wé, ẹ jẹ́ kí Káfíńtà kan àpótí kan fún yín, kí ẹ máa kó ìfura yín sí, kó má baà máa dà sílẹ̀ lójú títì. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Káfíńtà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti mọ̀ mí, ojú òun kò kọjá ibi tí mo bá fi han òun rí. Ó wá mú ayùn rẹ̀, kò sì wò mí mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo mú ìwé ìròyìn dé ìdí bẹ́ńṣì, mo gbọ́ ìró hámà. Ó ń kan ilẹ̀kùn kékeré náà pa láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Mo ka ìró ìṣó. Mẹ́sàn-án ni. Mo jókòó, mo ka ìwé ìròyìn náà tán láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí ẹni tó ní irọ́ ni. Ọmọ mi, ìwé ìròyìn kò dùn ún dá kà. Gbogbo rẹ̀ ń dà bí òtítọ́.

O máa ní bóyá mo ṣì í mú. Èmi náà rò ó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé fóònù jáde láti inú agolo lánàá kí n wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Láti Sátidé, Adúmáadán kò fi ẹsẹ̀ kan ọgbà wa mọ́. Inú mi ti fẹ́ dùn, kí n tó rí àmì aláwọ̀ ọsàn mẹ́ta tuntun ní òkè máàpù. Ilé àbúrò ìyá rẹ ni! Oyin kan lára òdòdó ẹnu ọ̀nà wọn, agbọ́n kan lábẹ́ àjà, àti kòkòrò kan tí n kò mọ̀ lórí aṣọ tí wọ́n fi di ọrùn ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀! Wọ́n ti tẹ̀ lé ìyá rẹ débẹ̀. Wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn. Láti Sátidé náà sì ni mo ti ń gbọ́ ayùn Káfíńtà nílé rẹ̀, kò jáde, èyí tó fi hàn pé wọ́n ju ẹnì kan lọ. Òun wà níbí, ó ń fi ayùn bojú, ìkejì rẹ̀ ń tọ ìyá rẹ.

Jọ̀wọ́, pe ìyá rẹ kí lẹ́tà yìí tó tutù lọ́wọ́ rẹ. Má sọ ohunkóhun fún un. Kí i nìkan, kí o wá tẹ́tí bóyá ohùn rẹ̀ jọ ti ẹni tí wọ́n ń tẹ̀ lé lẹ́yìn. N kò lè pè é, nítorí bí mo bá pè é, wọ́n á mọ̀ pé mo ti mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọ̀sán.

Ọmọ mi, lẹ́tà náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ fa ohun tó wà lókè yìí ya kí n kọ òmíràn. Ìyá rẹ ní n kò gbọdọ̀ fà á ya. Ó ní kí o kà á bó ṣe wà, pé ìyẹn ni ìyà mi, pé èyí tó kù, òun ó rò ó.

Lánàá ló dé. Kò tilẹ̀ tíì jókòó tó fi mú aṣọ tó bá ìyàwó Káfíńtà rán, ó gba ẹ̀yìnkùlé, ó ti ilẹ̀kùn kékeré. Ilẹ̀kùn kò mira. Ó tì í lẹ́ẹ̀kejì. Ó padà wá bi mí pé ta ló kú. Mo ní kò sí ẹni tó kú, kó jókòó. Mo ti gbogbo fèrèsé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mo fi máàpù hàn án, mo fi ilé àbúrò rẹ̀ hàn án, mo ní Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ó wo ojú fóònù náà títí. Ó wá jókòó sórí àpótí ìdáná, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ìborí rẹ̀ fi jábọ́. Mo ti ń wá omi tí n ó bù sí i lójú, mo rò pé ẹ̀rù ló ti kọlù ú.

Ó na ọwọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ ìránṣọ rẹ̀, lábẹ́ àwọn òwú, ó yọ fóònù rẹ àtijọ́ jáde, èyí tí ojú rẹ̀ ti là, tí o fún un pé kó máa fi gbọ́ ìwàásù. Ó tẹ̀ ẹ́, ó sì gbé e síwájú mi. Lámilámi etí táńkì. Kòkòrò pupa. Ṣòkòtò mi. Kòkòrò méjìdínlógójì, gbogbo wọn kedere, olúkúlùkù pẹ̀lú orúkọ rẹ̀.

Ìyá rẹ ni Adúmáadán.

Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní òun sọ. Ó ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí o fi áàpù sínú fóònù mi, òun ní kí n jẹ́ kí òun náà yà á wò, mo sì dá òun lóhùn pé orúkọ mi ló wà lórí rẹ̀, pé ènìyàn méjì kì í bu ọwọ́ lu fọ́ọ̀mù kan. Ó ní òun wá gbà bẹ́ẹ̀, òun lọ bá Onífóònù pé kó fún òun ní fọ́ọ̀mù tòun. Ẹ̀rín ọkùnrin yẹn wá yé mi. Mo ní báwo ló ṣe ń yà wọ́n tí wọ́n fi ń dúró. Ó ní òun kì í ní kí ẹnikẹ́ni kọjú sí òun. Òun á jókòó, òun á máa ṣa ẹ̀wà òun, nígbà tí kòkòrò bá ti gbàgbé pé òun wà níbẹ̀, òun á yà á. Ó ní èmi, àní ògiri gan-an mọ̀ pé mò ń bọ̀.

Mo wá bi í léèrè ohun tí kò yẹ kí n bi í. Mo ní nínú gbogbo orúkọ ayé, kí ló dé tó jẹ́ Adúmáadán ló mú. Ó wò mí. Ó ní nígbà tí mò ń kọ lẹ́tà sí òun, kí n tó fẹ́ òun, kí ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà?

Ọmọ mi, mo rántí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, tó ogún ìgbà, pẹ̀lú yíǹkì aláwọ̀ búlúù tí mo mú kúrò ní ọ́fíìsì. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń wo orúkọ náà lójú fóònù, mo sì ń pè é ní olè.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín rẹ̀ ti dá. Ó ní Káfíńtà ńkọ́? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdérí agolo fóònù mi. Ó ní ó dára, òun kò ní rìn yípo lọ kí ọ̀rẹ́ òun lọ́jọ́ ogbó òun nítorí eṣinṣin, pé bí ilẹ̀kùn yẹn kò bá tíì ṣí kí oòrùn òní tó wọ̀, òun ń padà sí ọ̀dọ̀ àbúrò òun, ọrùn ẹsẹ̀ tirẹ̀ ṣì wú, òun sì mọ ẹni tó nílò òun.

Mo lọ láàárọ̀ yìí. Mo gba iwájú, ọ̀nà gígùn. Ó ń fá pákó, kò gbé ojú sókè. Mo ti há ọ̀rọ̀ mi sórí láti ilé. Mo ní Káfíńtà, ó dá mi lójú ní ìdá ọgọ́rùn-ún pé èmi ni mo ṣẹ̀. Ó fá pákó rẹ̀ dé ìdí, ó fẹ́ ẹ. Ó ní lọ́jọ́ Sátidé ńkọ́, ìdá mélòó ló dá mi lójú? Mo ní ọgọ́rùn-ún náà ni. Ó ní Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ohun tó ń ṣe yín gan-an nìyẹn, ẹ máa jẹ́ kí ó máa kù díẹ̀. Mo sọ fún un pé ìyá rẹ ni. Ó ní ta ni? Mo tún un sọ. Ó yí ẹ̀yìn padà sí mi, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, mo rò pé ó ń sunkún, àfi ìgbà tó dún jáde. Ó ní ṣé ìyàwó yín lẹ ń ṣọ́, lẹ fi wá bú òun lójú oníbàárà? Ó ní ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn kò padà wá mọ́, ilẹ̀kùn rẹ̀ wà níbẹ̀ yẹn. Mo wo ilẹ̀kùn náà. Ẹ̀rín rẹ̀ kò mú èyí kúrò.

Ó mú hámà fún mi. Ó ní òun kan án pa nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi, ọwọ́ mi ló máa yọ ọ́. Ọmọ mi, Káfíńtà kì í fi ìṣó ṣeré. Ìkíní gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó dúró tì mí, ó ń ní ẹ fi sí òsì, ẹ má fà á bẹ́ẹ̀ ẹ máa fọ́ pákó mi, ẹ̀yin akọ̀wé ẹ kò ní apá. Ní ìkẹfà, ó gba hámà lọ́wọ́ mi, ó yọ mẹ́ta tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń já ewé. Ó ní kí n lọ dúró sí ọ̀dọ̀ tèmi, kí n ṣí i láti ibẹ̀ bí ènìyàn.

Mo rìn yípo padà, mo ṣí i. Ó wà lọ́hùn-ún, mo wà níbí. N kò mọ bí ó ṣe rí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó kọ́kọ́ fẹ́ gbé ẹsẹ̀ nínú wa. A ń wo ìdí ilẹ̀kùn bí ẹni pé nǹkan bọ́ síbẹ̀. Ìyá rẹ jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú fóònù ojú-là rẹ̀, kò kí ẹnikẹ́ni, ó ya àwa méjèèjì. Ó fi han áàpù. Ó wá kà á sókè. Ó ní áàpù sọ pé òun kò rí kòkòrò kankan nínú fọ́tò yìí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ súnmọ́ ọn sí i.

Káfíńtà ní Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ yín wí. Mo gbé ẹsẹ̀, orúnkún ọ̀tún mi dún, mo kọjá. Bẹ́ńṣì náà ti di eléruku láti Sátidé. Mo fi áńkáṣíìfù kòkòrò nù ún.

Ní ti owó, n kò fẹ́ dà ọ́ láàmú, ṣùgbọ́n bí ó bá wà, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún bàtà mi, nítorí fóònù kò yéé fi hàn mí, bí a bá rà á bóyá yóò gbẹ́nu dákẹ́. Ra fóònù tí ojú rẹ̀ pé fún ìyá rẹ. Kí o sì bá mi sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ pé káfíńtà kan wà níbí tó ní ilẹ̀kùn dáadáa kan nílẹ̀, èmi ni mo lé ẹni tó fẹ́ rà á lọ, ó sì yẹ kí n bá a wá òmíràn. Awakọ̀ Ẹtì lè gbé e. Èyí ló ká mi lára jù nínú gbogbo ohun tí mo béèrè.

Ọ̀kan ṣì kù tí n kò lóye. Ta ni Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́fà? Bá mi wádìí rẹ̀ ní ìlú ńlá yín níbẹ̀. Ó ti kọ ọ́ fún ìyá rẹ pé mo fara mọ́ ọn nígbà méjìdínlógójì. Ìyá rẹ ní ó ju iye ìgbà tí èmi sọ bẹ́ẹ̀ fún òun lọ láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra. Mo ní irọ́ ni. Ó ní kí n kà á. Mo jókòó láti kà á, ọmọ mi, mo sì dé mẹ́fà. Onífóònù ti fi ibi tí wọ́n ti ń tẹ mo fara mọ́ ọn hàn mí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ láti orí àfòpiná ara ṣòkòtò mi, mo sì ń bọ̀ lórí àwọn yòókù díẹ̀díẹ̀, àfi agbọ́n abẹ́ àjà yẹn, nítorí mo rí i pé ìyá rẹ súnmọ́ ọn jù, ó sì lè ta á.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín láìjẹ́ pé ẹ ń wo ẹ̀yìn. Kí ilẹ̀kùn tó wà láàárín yín àti ẹni rere má ní ìṣó. Ohun tí ẹ ń wá kò ní kọ ẹ̀gbẹ́ sí yín. Àwọn ọmọ yóò dàgbà, wọn yóò sì máa fara mọ́ ọ̀rọ̀ yín ju bí mo ti fara mọ́ ti ìyá rẹ lọ. Yóò rí bẹ́ẹ̀. Ó dá mi lójú dáadáa, ó ku díẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.